Àwọn Àga tí Qàwíyyàt Ń Fi Ṣéènì Nà

Èjìgbò,
7 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024

Qàwíyyàt Àníkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ ní àlàáfíà, tètè kọ̀wé sí mi kí n mọ̀. Bí kò bá sì bá ọ ní àlàáfíà, tètè kọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi àti Màmá rẹ wà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí díẹ̀. Tòsì kò dùn mí rárá, èyí sì ń kọ mí lóminú, nítorí ọjọ́ kan náà ni mo gbé àwọn méjèèjì wá sáyé.

Má ṣe máa pe fóònù kí o wá rò pé a ti kú. Fóònù Màmá rẹ bọ́ sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ó fi èjìká há a mọ́ etí, ó ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ń ro ọbẹ̀ lọ. Mo ní kí a da ọbẹ̀ náà nù nítorí bátìrì. Ó ní bátìrì ọ̀hún ti jinná. Oyèdèjì aládùúgbò wa ní kí a máa wá lo tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Oyèdèjì. Bí ènìyàn bá ń lo fóònù rẹ̀, ẹnu ẹni ni yóò máa wò, yóò sì máa dáhùn kí ẹni tí a pè tó dáhùn. Nítorí náà, lẹ́tà ni. Najeem awakọ̀ yóò máa bá wa gbé e lọ, yóò máa bá wa gbé e bọ̀.

Najeem yìí gan-an ló dá wàhálà sí mi lọ́kàn. Mo pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, ó ní òun yà kí ọ ní Abíjàn. Mo ní, "Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ó ní, "Ó le gan-an ni, Bàbá. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ń fi ṣéènì na àga."

Mo ní, "Àga wo?"

Ó ní, "Àga tuntun ni o. Ó nà án, ó mu omi, ó tún nà án."

Qàwíyyàt, kí ni àga ṣe fún ọ? Ọdún kọkànlá rèé tí o ti wà níbẹ̀, o sì sọ fún wa pé àga ni ò ń kàn tà. Ta ni í na ọjà rẹ̀? N kò tíì rí oníṣu tí ń na iṣu. Àbí ẹnìkan ló ṣẹ̀ ọ́ tí apá rẹ kò ká, tí o wá ń gbẹ̀san lára igi? Bí Abíjàn bá ti sú ọ, wá sílé. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́ nìyẹn. Yàrá rẹ ṣì wà, àgbàdo ni Màmá rẹ kàn kó sí i.

Mo ti ní kí àwọn ààfáà ṣe àdúà. N kò mẹ́nu ba ṣéènì. Mo ní ó jẹ́ fún ọmọ kan tí inú ń bí.

Èmi ni bàbá rẹ tí oorun ti dá,
Sàlàkọ́.


Abíjàn,
19 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màmá, mo sì bá wọn kẹ́dùn ọbẹ̀. Ara mi le. Orí mi pé. Inú kankan kò bí mi.

Iṣẹ́ ni ohun tí Najeem rí. Àwọn Faransé àti àwọn olówó ìlú yìí ti jókòó lórí àga tó ń dán títí ó fi sú wọn. Àga bíi ti ilé oko àtijọ́ ni wọ́n ń béèrè báyìí, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí létí, tí igi abẹ́ rẹ̀ ń yọjú, bíi pé bàbá àgbà kan ti jẹun lórí rẹ̀ títí ọjọ́ fi lọ. A kò lè dúró de ogójì ọdún, nítorí náà àwa fúnra wa là ń sọ ọ́ di arúgbó. Mo máa ń kun ọ̀dà tó dúdú sí i ná, n ó wá fi àbẹ́là ra àwọn etí rẹ̀, n ó kun ọ̀dà funfun lé e. Bí ó bá gbẹ tí mo fi sáńpépà ha á, ọ̀dà funfun kò ní lè di ibi tí àbẹ́là wà mú, yóò ṣí. Ṣéènì ni mo fi ń dá ojú ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ sí i lára. Mo tilẹ̀ máa ń kọrin sí i.

Ẹ gbọ́ ìdí tí inú mi fi dùn. Alhája Ameenat, ará Ola, tí ó ti gbé Abíjàn níbí rí, ń kọ́ ilé àlejò sínú oko rẹ̀. Irú àga yìí ni ó fẹ́ kí n fi kún un láti yàrá dé yàrá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí mẹ́fà ná. Ó ní òun yóò wá wò ó nílé wa kí ààwẹ̀ tó wọlé. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iṣẹ́ náà pọ̀ tó kí n kó atọlíyé mi, ibi iṣẹ́ mi níbí, wá sí Èjìgbò pátápátá. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Abíjàn náà nìyẹn, nítorí n kò ní oníbàárà mìíràn nílé.

Àga mẹ́fà ti wà nínú ọkọ̀ Najeem. Wọ́n funfun, ọgbẹ́ kún ara wọn, ẹsẹ̀ wọn dà bíi ti ẹni tó gba inú igbó wá. Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n rí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má nù wọ́n, ẹ má kùn wọ́n, ẹ má sì pe Caleb káfíńtà.

Najeem ti gbéra kí n tó kọ èyí tán, nítorí náà Ọmọpẹ́ aláṣọ ni mo fi rán. Ó ní òun yóò kàn yà kí ẹ̀gbọ́n òun díẹ̀ ní Kùtọnu.

Ọmọ yín,
Qàwíyyàt.


Èjìgbò,
25 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024

Qàwíyyàt, ọmọ mi tí kò kọ̀wé,

Mo kí ọ, bí o tilẹ̀ dákẹ́. N kò rí lẹ́tà kankan gbà, àga nìkan ni mo rí. Má sunkún bí o ti ń ka èyí. Mo ti bo àṣírí rẹ.

Bí ẹrù Abíjàn bá wọ àdúgbò, o mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í dúró sílé. Wọ́n ti pé jọ kí Najeem tó tú okùn. Mo ti wọ agbádá. Mo ti ń sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi kàn án." Najeem wá ṣí rọ́bà kúrò lórí rẹ̀. Qàwíyyàt, gbogbo wọn fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ewúrẹ́ pàápàá fà sẹ́yìn.

Oyèdèjì ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, "Ẹ kú ewu o. Ṣé iná ni àbí ogun?"

Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Ẹ jẹ́ kí a sáà dúpẹ́. Ọmọ náà gbìyànjú."

Kíá, mo bọ́ agbádá mi, mo dà á bo àwọn àga náà, mo dúró tèmi tàwọ̀tẹ́lẹ̀. Mo dojú ìjà kọ Najeem pé orí àpáta wo ló ti dà wọ́n sí. Ó búra pé bí òun ṣe gbà wọ́n nìyẹn. Nígbà náà ló yé mi pé wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ, tàbí pé ọ̀dà tán kí iṣẹ́ tó tán, kò sì fẹ́ sọ fún wa.

Mo ránṣẹ́ pe Caleb káfíńtà. Ó yí wọn po, ó mi orí, ó ní, "Bàbá, ẹni tó kun èyí, ó dà bíi pé wọ́n ń lé e." Ó fi pọ́tì dí gbogbo ojú ọgbẹ́. Ó ha wọ́n kúnná, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà pupa rúsúrúsú, ó wá fi fáníṣì lé e títí mo fi ń rí eyín mi nínú wọn. Màmá rẹ ní, "Ẹ ò wulẹ̀ ní dúró kí ọmọ kọ̀wé ná?" Mo ní ìtìjú kì í dúró de ìwé.

Mo pe Oyèdèjì kí ó wá jókòó. Ó jókòó, ó yọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dìde, ó ní, "Èyí ni àga!"

Orúkọ rẹ ti mọ́ padà láàárín àdúgbò. Bí ebi bá ń pa ọ́ níbẹ̀, sọ fún mi.

Bàbá rẹ tí kò jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín,
Sàlàkọ́.


Abíjàn,
2 oṣù Èrèlè, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lórí ìdúró ni mo ti ń ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo kà dé ibi fáníṣì, mo fẹ́ jókòó, n kò rí àga, nítorí gbogbo èyí tí mo kàn wà lọ́dọ̀ yín.

Ọmọpẹ́ ṣì wà ní Kùtọnu pẹ̀lú lẹ́tà tó ṣàlàyé ohun gbogbo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ, ó ń dúró de ìsọmọlórúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí: èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ dá àwọn ọgbẹ́ tí Caleb dí. Àga tó gbó ni oníbàárà mi fẹ́. Alhája Ameenat ti Ola ni oníbàárà náà, ó ń bọ̀ wá wò wọ́n nílé wa kí ààwẹ̀ tó wọlé. Bí ó bá gbà á, mo ń kó bọ̀ wá sí Èjìgbò. Bí ó bá bá ohun tó ń yọ̀ tó sì ń dán níbẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ ni, kò sì ní padà.

N kò bínú, Bàbá. Mo ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí èmi náà lè gbà á gbọ́. N kò bínú.

N kò lè wá, n kò sì lè kan òmíràn, hòtẹ́ẹ̀lì kan ń dúró de iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ni ẹ ó tún un ṣe. Ẹ fi sáńpépà pa dídán fáníṣì náà rẹ́. Ẹ fi àbẹ́là ra gbogbo ibi tí ọwọ́, ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń kàn. Ẹ ra ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri, èyí tí kì í dán, ẹ fi kùn ún. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha àwọn ibi tí ẹ fi àbẹ́là ra. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ṣéènì, ẹ nà án díẹ̀. Ọ̀dà pupa Caleb ni yóò máa yọjú lábẹ́, kò sì burú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ náà rán ẹni tó fẹ́ràn ohun tó dán.

Ọmọ yín,
Qàwíyyàt.


Èjìgbò,
13 oṣù Èrèlè, 2024

Qàwíyyàt Àníkẹ́,

Ojú ń tì mí láti kí ọ, ṣùgbọ́n mo kí ọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí ó ṣí ọ̀nà ilé fún ọ. Ó wá ṣí i, èmi ni mo gbé fáníṣì dí i. Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé rẹ, ẹsẹ̀ òsì náà ti ń dùn mí.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Sáńpépà kò nira. Ibi tí mo há sí ni ti àbẹ́là, nítorí o ní ibi tí ọwọ́ ń kàn, o kò sì sọ ọwọ́ ta ni. Bí mo bá ra á síbi tí kò yẹ ńkọ́, tí Alhája wò ó tí ó ní kò sẹ́ni tí í jókòó báyìí? Mo ní kí Màmá rẹ ti ọwọ́ bọ eérú, kí ó jókòó, kí ó dìde, kí n máa wo ibi tí eérú bá dúró sí. Ó ní òun ń gbọ́únjẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Ó jókòó, ó dìde. Mo ní kí ó jókòó bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní kí ó jókòó bí ẹni tí àna rẹ̀ ń bọ̀. Nígbà tí mo ní kí ó jókòó bí ọkùnrin tó sanra, ó dìde, ó fi ọwọ́ eérú nu ojú mi, ó lọ síbi ọbẹ̀ rẹ̀.

Àga kan ṣẹ́ kù, nítorí náà èmi fúnra mi fi eérú ra ọwọ́ àti ẹ̀yìn, mo jókòó. Kò sí eérú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Etí iwájú nìkan ló gba gbogbo rẹ̀. N kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń jókòó nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni mo ra àbẹ́là sí.

Mo kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, mo ha wọ́n bí o ṣe wí, ṣùgbọ́n ti ṣéènì ló pa mí. Mo ní, "Bísímílà," mo na àkọ́kọ́, ojú tì mí, mo ní, "Má bínú." Oyèdèjì ti gun orí ògiri rẹ̀. Ó kígbe pé, "Bàbá Qàwíyyàt, ẹ jẹ́ kó jẹ́wọ́ ná!" Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí gèlè bọ́ lórí rẹ̀. Caleb náà kọjá, ó rí fáníṣì rẹ̀ nílẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó dúró bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Ọlọ́run yóò wò yín sàn."

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà lọ́kàn mi. Àga tuntun ni, a sì ń sọ ọ́ di ògbólógbòó. Ṣé kì í ṣe ẹ̀tàn nìyẹn? Bí Alhája bá béèrè ọjọ́ orí wọn, kí ni kí n sọ? Báwo sì ni n ó ṣe mọ̀ pé wọ́n ti gbó tó? Èyí tí mo nà jù ti dà bíi pé ó jù mí lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀ yìí.

Tètè dáhùn.
Bàbá rẹ,
Sàlàkọ́.


Abíjàn,
20 oṣù Èrèlè, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì bẹ Màmá. Kì í ṣe ẹ̀tàn. A kò sọ pé ó gbó. Bí ó ṣe rí lójú ni à ń tà, Alhája sì mọ̀ pé kíkàn ni mo ń kàn án.

Bí ẹ bá ti ń béèrè bóyá ó ti gbó tó, ó ti gbó tó nìyẹn. Ẹ gbé ṣéènì sílẹ̀. Nígbà tí Alhája bá dé, ẹ kí i, ẹ fún un lómi, ẹ jẹ́ kí ó wò wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀, Bàbá. Mo mọ̀ yín.

Ọmọ yín,
Qàwíyyàt.


Èjìgbò,
27 oṣù Èrèlè, 2024

Qàwíyyàt, ọmọ mi,

Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ló ń tì mí. Lẹ́tà rẹ dé ní àárọ̀ àná, Alhája Ameenat sì dé kí n tó kà á tán lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti to àwọn àga náà sábẹ́ igi máńgòrò. Màmá rẹ bu omi fún un. Ó ń lọ sídìí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ kan èkíní, ó ní, "Háà. Ta ló ti ń jókòó lórí èyí?"

Qàwíyyàt, gbogbo ọ̀nà ọ̀fun mi ló ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, "Kò sẹ́ni, Alhája! Tuntun ni! Èmi ni mo nà án!"

Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ nà án?"

Mo ní, "Pẹ̀lú ṣéènì. Ẹ wo ojú ọgbẹ́ yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Èyí, Ọjọ́rú ni. Èyí tó tóbi yìí, n kò mọ̀ọ́mọ̀, Oyèdèjì ló dẹ́rù bà mí. Kò sí ọ̀kan tó tíì pé oṣù méjì nínú wọn. Ẹ má fi wọ́n pe ogún ìdílé."

Màmá rẹ ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló tẹ̀, mo sì ń sọ lọ. Mo sọ ti fáníṣì. Mo sọ ti Caleb. Mo sọ ti eérú àti ọkùnrin tó sanra. Alhája kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń jókòó lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọwọ́ ra apá wọn. Ó dé orí èyí tí mo jókòó sí. Ó ní, "Kí ló dé tí èyí fi gbó níwájú nìkan?"

Mo ní, "Ti ẹni tí kì í fẹ̀yìn tì ni."

Ó ní, "Kí ló ń retí?"

Mo ní, "Alhája, ọmọ rẹ̀ ni."

Ó dìde. Ó ní òun yóò ronú sí i. Ó ní kí awakọ̀ gbé àga yẹn nìkan sínú ọkọ̀, ó kí wa, ó lọ. Láti àná ni Màmá rẹ kò ti bá mi sọ̀rọ̀, àfi ìgbà tó ní kí n wá jẹun. Kí ni ènìyàn ń ronú sí nípa àga? Bí ó bá fẹ́ ẹ, yóò kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kí ló fẹ́ fi ọ̀kan ṣe? Bóyá ó ń gbé e lọ fi han àwọn ènìyàn pé, "Ẹ wo ohun tí bàbá kan ṣe." Mo ti ba ọ̀nà rẹ jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi. Fáníṣì ló kọ́kọ́ bà á jẹ́, ẹnu mi ló parí rẹ̀.

Bí o bá kọ̀ láti dáhùn, n kò ní bínú, ṣùgbọ́n dáhùn.

Bàbá rẹ,
Sàlàkọ́.


Abíjàn,
8 oṣù Ẹrẹ́nà, 2024

Bàbá mi,

Alhája pè mí láàárọ̀ yìí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń ná mi lówó fóònù, nítorí èmi ni mo pè é padà.

Ó ní gbogbo ẹni tó ti fẹ́ ta àga fún òun ló ń sọ pé láti ààfin kan tàbí láti ilé òyìnbó kan ló ti wá. Ó ní ẹ̀yin nìkan ni ẹ sọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ní òun kò lè rẹ́rìn-ín níwájú yín, nítorí ojú yín le jù. Ó gba iṣẹ́ náà fún mi, Bàbá, láti yàrá dé yàrá. Ó sì fẹ́ púpọ̀ nínú irú èyí tó gbó níwájú nìkan. Ibi tí àwọn àlejò yóò ti máa retí oúnjẹ ló fẹ́ tò wọ́n sí.

Bí a bá ti túnu ààwẹ̀ tán, mo ń kó bọ̀. Ẹ bá mi wá ibi tí mo lè fi ṣe atọlíyé. Kí ó jìnnà sí ti Caleb díẹ̀.

Ọmọ yín tí ń di ẹrù,
Qàwíyyàt.


Èjìgbò,
18 oṣù Igbe, 2024

Qàwíyyàt Àníkẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. A kú ọdún, a kú ìyèdún. Mo ń kọ èyí kí n lè kìlọ̀ fún ọ: má jókòó síwájú ọkọ̀, má sì jókòó sẹ́yìn. Bí Najeem bá ń tòògbé, kọrin. Bí kò bá tòògbé, kọrin náà. Má jẹ́ kí wọ́n to sáńpépà rẹ sábẹ́ ẹja. Ní ẹnubodè, bí aṣọ́bodè bá béèrè ohun tí o fi ṣéènì ṣe, sọ òtítọ́ fún un, ṣùgbọ́n má sọ gbogbo rẹ̀. Mo ti rí ibì kan fún ọ lójú ọ̀nà Ola. Òrùlé rẹ̀ jò, mo dúró lábẹ́ ibi tó jò náà nígbà òjò, kò pọ̀. Ó jìnnà sí Caleb, ṣùgbọ́n Caleb ní òun fẹ́ wá kọ́ bí a ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Ó ní òun ti ní ọwọ́ fún un.

Màmá rẹ ní kí n sinmi. Mo ń sinmi, mo ń sinmi níwájú àga.

Mo ti kọ ọ́ dé ibí kí n tó rántí pé Najeem tí í máa gbé lẹ́tà mi lọ, òun ló ń gbé ọ bọ̀. Kò sí ibi tí mo lè fi èyí ránṣẹ́ sí. Abíjàn ti ṣófo lójú mi. N kò lè ya á, nítorí gbogbo ìkìlọ̀ náà ló wúlò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti wà lójú ọ̀nà báyìí.

Nítorí náà, gáréèjì ni mo ń gbé e lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró, n ó nà án sí ọ láti ojú fèrèsé. Jókòó kí o kà á ná kí o tó sọ̀kalẹ̀, kí o dáhùn èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, mo ń dúró:

Ṣé ebi ń pa ọ́?

Bàbá rẹ,
Sàlàkọ́.